TorrServer àti Kodi: àgbéyẹ̀wò ọ̀nà tí fídíò torrent fi ń já geere lórí tẹlifíṣọ̀n mi

Bí ẹ bá fẹ́ kí fídíò torrent, ìyẹn fídíò tí a ń gbà ní ègé-ègé lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, máa já geere lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ má ṣe jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n náà fúnra rẹ̀ máa kó fídíò jọ. Ohun tí ó hàn sí mi kedere nìyí láti ìgbà tí mo ti ń lo TorrServer, áàpù tó ń kó fídíò torrent jọ, lórí kọ̀ǹpútà kékeré kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, tí Kodi, áàpù ìwòran fídíò, sì ń ṣe iṣẹ́ ìfihàn lórí tẹlifíṣọ̀n oní-Android TV. Ọ̀fẹ́ ni áàpù méjèèjì, kóòdù wọn sì wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti lò wọ́n pẹ́ tó láti mọ ibi tí agbára wọn wà àti ibi tí wọ́n kù sí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ ní kíkún, nítorí pé ìlà íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń di ẹ̀bi rù nígbà tí àwòrán bá ń dúró, bẹ́ẹ̀ ó sábà máa ń ní ọwọ́ mìíràn nínú.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ torrent ná. Nígbà tí Bram Cohen gbé BitTorrent jáde ní ọdún 2001, kì í ṣe kí ènìyàn lè máa wo fáìlì bí ó ṣe ń wọlé ló mú un ṣe é, bí kò ṣe kí fáìlì ńlá lè tàn kálẹ̀ láìjẹ́ pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni yóò ru gbogbo ẹrù náà. Wọ́n á gé fáìlì sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ègé. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ á máa gba ègé kan lọ́wọ́ lágbájá, á gba òmíràn lọ́wọ́ làkásègbè, òun náà á sì máa pín èyí tó ti rí gbà fún àwọn yòókù. Ègé tó ṣọ̀wọ́n jù lọ láàárín wọn ni áàpù torrent sábà máa ń wá lọ́wọ́ kíní, kí ó má baà di pé ẹni kan ṣoṣo tó ní in kúrò nídìí rẹ̀, kí ègé náà sì bá a lọ. Ètò yìí dára gan-an fún fáìlì tí a fẹ́ gbà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni ẹni tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n fẹ́ fi ègé tó jẹ́ ti ìparí fíìmù ṣe nígbà tí ti ìbẹ̀rẹ̀ kò tíì dé? Áàpù tí a bá fẹ́ fi wòran gbọ́dọ̀ máa tọrọ àwọn ègé bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn, kí ó sì máa wà níwájú ibi tí òǹwòran dé nígbà gbogbo. Iṣẹ́ TorrServer gan-an nìyẹn. Ó ń gba àwọn ègé wọlé, ó ń tò wọ́n sínú RAM, ibi ìrántí ìgbà díẹ̀ inú kọ̀ǹpútà, ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí tẹlifíṣọ̀n nípasẹ̀ HTTP lásán, ọ̀nà tí bíráwúsà fi ń gba ojú ìwé, débi pé lójú Kodi, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé fáìlì náà ti wà lódindi nínú ilé.

Mo ti lo ọ̀nà kejì náà, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni kí áàpù torrent wà lórí tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, pàápàá fún fídíò kékeré. Àmọ́ ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ni RAM wọn kò ju GB 2 lọ, tí ààyè ìpamọ́ wọn kò sì ju GB 8 lọ, tí Android fúnra rẹ̀ sì ti jẹ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Lórí agbára táṣẹ́rẹ́ yìí ni ẹ ó ti ní kí ó máa bá ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó máa yẹ ègé kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó pé, kí ó sì tún máa tú àwòrán sójú gíláàsì láìdúró. Lórí tẹlifíṣọ̀n tí mo ń lò, rìmóòtù ló kọ́kọ́ máa ń sọ fún mi pé agbára ti fẹ́ tán: mo bá tẹ bọ́tìnì, yóò pẹ́ díẹ̀ kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà ni ohùn yóò ṣáájú ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, nígbà tó bá sì yá, Android yóò pa áàpù torrent tó wà lẹ́yìn láti fi gba RAM padà, fídíò yóò sì kú síbẹ̀. Kò sí bí ìlà íntánẹ́ẹ̀tì ṣe lè yá tó tí yóò wo èyí sàn.

Fífi TorrServer sórí kọ̀ǹpútà kò ṣòro. Ó ní ẹ̀yà fún Windows, Linux, macOS àti Android, Raspberry Pi náà sì lè gbé e. Bí ó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣí bíráwúsà lórí ẹ̀rọ èyíkéyìí tó wà lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ilé yín, ẹ kọ àdírẹ́sì IP kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú pọ́ọ̀tù 8090, ojú ìwé rẹ̀ yóò sì jáde. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti fi magnet link (ìlínkì tó ń tọ́ka sí torrent kan) tàbí fáìlì torrent sí i. Ẹ wọ inú ráútà, kí ẹ fún kọ̀ǹpútà náà ní àdírẹ́sì IP kan tí kò ní máa yí padà, kí gbogbo ohun tí ẹ ti tò sínú Kodi má baà ṣìnà lọ́jọ́ tí iná bá lọ tó sì dé.

Fáìlì tí mo fi ń dán gbogbo àtúnṣe wò ni Sintel, fíìmù kúkúrú tí Blender Foundation gbé jáde ní 2010 lábẹ́ ìwé àṣẹ Creative Commons, tí ẹnikẹ́ni lè pín láìṣẹ̀ sí òfin. Mo máa ń ṣí ojú ìwé TorrServer sórí fóònù bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, kí n lè rí ohun tó ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Òdo ni gbogbo nọ́ńbà máa ń jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́. Iye àwọn kọ̀ǹpútà tó ń pín fáìlì náà tí a rí á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ìyára á gbéra lẹ́yìn wọn, àwọn àpótí kéékèèké tó dúró fún ègé kọ̀ọ̀kan á sì máa gba àwọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí àwòrán á fi yọ. Bí mo bá fò síwájú láàárín fíìmù, àwọn àpótí àtijọ́ á parẹ́, tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í kún láti ibi tí mo fò lọ, àwòrán á sì dúró díẹ̀ kó tó gbéra. Ìdúró yẹn kò ṣeé yẹ̀ pátápátá, nítorí ègé ibẹ̀ kò tíì sí lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá fẹ́ràn kí ó máa fò káàkiri inú fíìmù yóò sàn fún un kí ó gbà á sílẹ̀ tán.

Lórí ààyè tí TorrServer fi ń tọ́jú àwọn ègé nínú RAM, ìṣirò ṣe pàtàkì ju àbá lọ. Fíìmù wákàtí 2 tí fáìlì rẹ̀ jẹ́ GB 4 ń fẹ́ nǹkan bíi mẹ́gábíìtì 4.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá jẹ́ GB 15, ó ti di nǹkan bíi 16.7. Ẹ rántí pé bíìtì 8 ló wà nínú báìtì 1, nítorí náà bí ààyè náà bá jẹ́ MB 64, ohun tó lè gbà nínú fíìmù GB 4 tó ìṣẹ́jú kan àti àbọ̀ ó lé, ṣùgbọ́n nínú ti GB 15, kò ju nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú lọ. Bí àwọn tó ń pín fáìlì bá wá fà sẹ́yìn fún ìdajì ìṣẹ́jú péré, àwòrán ti dúró nìyẹn. Mo gbé tèmi lọ sí MB 256, èyí tó fún fíìmù ńlá yẹn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 2, mo sì ní kí ó kọ́kọ́ kún díẹ̀ kí àwòrán tó bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo sẹ́tíǹgì tí mo fọwọ́ kàn, kò sí èyí tí ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn tó èyí. Lórí tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀, MB 256 ì bá ti pọ̀ jù; lórí kọ̀ǹpútà tó ní GB 4, kò tó nǹkan.

Ọ̀rọ̀ wáyà kò gba àlàyé púpọ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń kó torrent jọ gbọ́dọ̀ fi wáyà so mọ́ ráútà. Ní ti tẹlifíṣọ̀n, ẹ má kàn gbà pé wáyà ló dára jù, nítorí pé mẹ́gábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ihò wáyà ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n lè gbé mọ, títí kan àwọn olówó ńlá. Ó tó fún fíìmù tó pọ̀ jù lọ, àmọ́ fáìlì 4K tí wọn kò fún pọ̀ púpọ̀ lè fò kọjá 100 níbi tí ìran bá ti kún fún ìṣípòpadà. Wi-Fi onígígáhéésì 5 tó wà nítòsí ráútà lè yára jù ú lọ. Wi-Fi 2.4 ni kí ẹ sá fún, nítorí àwọn ará ilé tó yí yín ká wà lórí ìkànnì kan náà.

Ohun tí n kò rí kí ènìyàn púpọ̀ máa sọ ni ti ọ̀nà ìfiránṣẹ́. BitTorrent ń bá ẹni tó ń fúnni lò dáadáa ju ẹni tó ń gbà láìfúnni lọ, nítorí náà ẹni tó bá ti ìfiránṣẹ́ pa yóò rí i pé ìgbàwọlé náà ń joró. Bí a bá sì ṣí i sílẹ̀ láìní gbèdéke, á kún ojú ọ̀nà ìfiránṣẹ́, tó sábà máa ń tóóró ju ọ̀nà ìgbàwọlé lọ, àwọn ìwífún kéékèèké tí kọ̀ǹpútà fi ń jẹ́ ẹ̀rí pé òun ti rí nǹkan gbà á sì há síbẹ̀, ni ohun gbogbo nínú ilé bá ń fà. Mo fi gbèdéke tèmi sí nǹkan bíi ìdá 80 nínú ìdá 100 ohun tí ìlà mi lè fi ránṣẹ́, mo sì fi iye àwọn tí áàpù lè bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sí 25, nítorí ráútà kékeré máa ń rẹ̀ bí wọ́n bá pọ̀ jù.

Níbí ni àléébù TorrServer tó dùn mí jù wà. Nítorí pé inú RAM ló ń tọ́jú ìwọ̀nba ègé tó yí ibi tí a dé ká, kò ní nǹkan púpọ̀ láti pín fún ẹlòmíràn, bí a bá sì parí fíìmù, gbogbo rẹ̀ lọ. Torrent ò lè wà láàyè bí gbogbo wa bá kàn ń gbà. Nítorí náà, iṣẹ́ tí mo bá fẹ́ràn ni mo máa ń fi qBittorrent, áàpù torrent mìíràn, gbà lódindi lórí kọ̀ǹpútà kan náà, kí n sì fi í sílẹ̀ kí àwọn mìíràn lè rí i gbà. qBittorrent náà ní àyè láti gba ègé ní ìtẹ̀léra, àti láti kọ́kọ́ gba ègé ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí, èyí tó wúlò nítorí pé àwọn fáìlì MP4 kan wà tí atọ́ka wọn wà ní ìdí, tí áàpù kò lè ṣí wọn láìrí i.

Àwọn ìṣòro kan wà tí ń fara jọ ti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí kì í sì ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àwòrán bá ń ta gìrì díẹ̀díẹ̀ nígbà tí kámẹ́rà bá ń rìn lọ, tí kò sì dúró, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fíìmù oní-àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá ni ẹ ń wò lórí gíláàsì tó ń tún ara rẹ̀ yà ní ìgbà 60. 24 kò pín 60 dọ́gba. Kodi ní sẹ́tíǹgì tó ń mú kí tẹlifíṣọ̀n bá ìyára fíìmù mu, ìdí kan pàtàkì nìyí tí mo fi yàn án. Bí àwòrán bá hàn tí ohùn kò sí, ẹ wò ó bóyá DTS, irú ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fún ohùn pọ̀, ni ohùn náà, nítorí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n kò gbà á. Bí fídíò bá sì jẹ́ H.264 oníbíìtì 10, irú ọ̀nà ìfúnpọ̀ àwòrán kan, ẹ wá ẹ̀yà mìíràn. Ekukáká ni ẹ ó fi rí tẹlifíṣọ̀n tí ohun èlò inú rẹ̀ lè tú u.

Ní ti ààbò, ojú ìwé TorrServer kì í béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà àyàfi tí ẹ bá ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe ṣí pọ́ọ̀tù 8090 sí ìta nínú ráútà yín láé. Ẹ sì mọ̀ pé gbogbo ẹni tó ń pín fáìlì kan náà pẹ̀lú yín lè rí àdírẹ́sì IP yín, àti pé bí ẹ ṣe ń wò ni ẹ tún ń pín, èyí tó jẹ́ pé lójú òfin ó lágbára ju wíwò lásán lọ bí iṣẹ́ náà kò bá jẹ́ èyí tí wọ́n yọ̀ǹda. Internet Archive, ibi ìkówèésí orí íntánẹ́ẹ̀tì, nìkan ní ọ̀pọ̀ fíìmù àtijọ́ tó ní torrent tirẹ̀, èmi kò sì tíì wo ìdá kékeré nínú wọn.

Àwọn tó ní tẹlifíṣọ̀n Samsung onítizen tàbí LG oníwebOS kò lè fi áàpù Android sí i, ṣùgbọ́n TorrServer ní DLNA, ètò tí àwọn ẹ̀rọ inú ilé fi ń pín fídíò fún ara wọn, nínú sẹ́tíǹgì rẹ̀. Bí ẹ bá tan án, tẹlifíṣọ̀n yóò rí àwọn fáìlì náà fúnra rẹ̀. Ó tó fún wíwò lásán. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìyára fíìmù àti ti gíláàsì bára mu bí Kodi ṣe ń ṣe é, kí ó ra ẹ̀rọ Android TV kékeré tó ń wọ ihò HDMI. Kò ní sí ìdí láti yí ohunkóhun padà lórí kọ̀ǹpútà tó ń kó torrent jọ.