Kọ́tà Bessie Coleman: owó ìfọṣọ tí mi ò lè ná mọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, rífíù ṣẹ́ńtì 25 ni mo fẹ́ kọ. Bẹ́ẹ̀ ni, kọ́tà, kọ́ìnì Amẹ́ríkà tó máa ń bọ́ sábẹ́ àga mọ́tò tẹ́ ẹ ò ní wá a. Chicago ni mò ń gbé, ìsàlẹ̀ pátápátá ni máṣíìnì ìfọṣọ ilé wa wà, kò mọ káàdì, kò mọ fóònù, kọ́tà nìkan ló ń jẹ, torí náà mo máa ń lọ gba róòlù ní bánkì, ẹyọ 40 nínú róòlù kan, dọ́là 10. Lọ́jọ́ yẹn mò ń ki owó bọ ihò ní tèmi, mi ò tiẹ̀ wò ó, àfi bí ìka mi ṣe kan ọ̀kan tó ṣì ń dán, tó ṣì mú létí, mo yí i padà, mo rí ojú obìnrin dúdú kan tó dé fìlà àwọn awakọ̀ òfurufú, orúkọ ẹ̀ sì wà níbẹ̀ gbàgàdà, BESSIE COLEMAN. Mo dúró. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi bi mí pé ṣé mo ti ṣetán ni, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ ṣáájú.

Fún àwọn tí ò mọ̀, láti 2022 dé 2025 ni ilé iṣẹ́ tó ń rọ owó fún ìjọba Amẹ́ríkà fi ń gbé obìnrin 5 sẹ́yìn kọ́tà lọ́dọọdún, gbogbo wọn jẹ́ 20, Bessie, obìnrin dúdú Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó gba láísẹ́ńsì awakọ̀ òfurufú, ló sì ṣíde ti 2023. George Washington ló wà níwájú, ó kọjú sápá ọ̀tún, lẹ́tà kékeré tó ń sọ ibi tí wọ́n ti rọ ọ́ náà wà lápá ibẹ̀, P ni Philadelphia, D ni Denver. Tèmi P ni. Ìwọ̀n ẹ̀ gíráàmù 5.67 bíi ti kọ́tà yòókù, kò sí àrà kankan níbẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbádùn ni pé wọn ò gbé e jókòó sínú báàlù. Báàlù wà níbẹ̀ lóòótọ́, kékeré, aláàpá méjì, àti ìkùukùu, ṣùgbọ́n Bessie fúnra ẹ̀ ń múra ni, ó ń wọ nǹkan ìwakọ̀ ẹ̀, ojú ẹ̀ sì le bí ojú ẹni tí wọ́n ti sọ rárá fún títí tó ti sú u. Ẹni tó yà á mọ ohun tó ń ṣe jàre. Ìmúra ló pọ̀ jù láyé obìnrin yẹn, torí láti ọjọ́ tó gba láísẹ́ńsì títí dọ́jọ́ tó kú, kò pé ọdún 5.

Mo gòkè lọ, mo fi aṣọ sílẹ̀ nínú omi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọdún 1892 ni wọ́n bí i ní Atlanta, Texas (kì í ṣe Atlanta tí gbogbo wa mọ̀ o), ìdí òwú ló ti dàgbà ní Waxahachie, bàbá wọn gba Oklahoma lọ ní 1901 nígbà tí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ aláwọ̀ dúdú ní Texas sú u, ó wá ku ìyá nìkan pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ó wọ yunifásítì ní Langston, Oklahoma, sáà kan péré, owó tán, ó padà sílé. Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tó wá ń ṣe? Alágbàfọ̀ ni! Aṣọ aláṣọ ló ń fọ̀. Èmi tí mo fẹ́ fi ojú ẹ̀ sanwó ìfọṣọ, ojú tì mí, mo lọ yọ kọ́tà yẹn kúrò nínú ike owó máṣíìnì, mo fi í sápò àyà.

Ìgbà tó dé Chicago níbí, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló wà, ó ń bá àwọn ọkùnrin tún èékánná wọn ṣe. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ John tó lọ jagun ní Faransé padà dé, ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn obìnrin Faransé ń wa báàlù, ẹ̀yin tibí ńkọ́? Ẹ mọ bí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ṣe máa ń ṣe, ó sọ̀rọ̀ ó gbàgbé, àbúrò ò gbàgbé. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ báàlù tó kàn sí ní Amẹ́ríkà ni wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ ọn, obìnrin ni, ó tún dúdú. Robert Abbott, ẹni tó ni ìwé ìròyìn Chicago Defender, ló gbà á nímọ̀ràn pé kó kúkú gba ọ̀dọ̀ àwọn Faransé lọ, ló bá lọ kọ́ èdè Faransé, ó ń tú owó jọ, ó wọkọ̀ ojú omi ní November 1920. Ilé ẹ̀kọ́ Caudron ní Le Crotoy ló ti kọ́ṣẹ́ fún oṣù méje. Ẹ má rò pé báàlù tẹ́ ẹ mọ̀ lónìí ni wọ́n fi kọ́ ọ o, Nieuport 82 ni, ọ̀pá kan tó nípọn bí igi béésìbọ́ọ̀lù ló máa ń dì mú níwájú, irin kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tó fi ń darí ìdí ẹ̀. Ó rí akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ ẹ̀ tí báàlù pa níṣojú ẹ̀. Ó padà wọ tiẹ̀. June 15, 1921 ni wọ́n fún un ní láísẹ́ńsì tó ṣeé fi wakọ̀ kárí ayé, obìnrin dúdú Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó máa ní in, Amelia Earhart tí gbogbo ayé ń pariwo ò gba irú ẹ̀ títí di 1923.

Ibi tí mo ti ní ẹjọ́ pẹ̀lú kọ́ìnì yìí rèé. Wọ́n kọ déètì yẹn síbẹ̀, 6.15.1921, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni wọ́n kọ UNITED STATES OF AMERICA sí, ẹni tí ò mọ ìtàn á ní Amẹ́ríkà ló fún un. Amẹ́ríkà kọ́? Kò sí Faransé níbẹ̀ rárá, kò sí Le Crotoy, kò sí nǹkan kan tó jọ pé wọ́n lé ọmọ wọn jáde kó tó rí ohun tó ń wá. Mo mọ̀ pé irin tó fẹ̀ tó mìlímítà 24 ò lè gba gbogbo ẹ̀, àbí kí ni wọn ì bá ṣe, kí wọ́n kọ "ẹ má bínú" síbẹ̀ ni? Síbẹ̀ ó ń dùn mí. Nǹkan kejì, tó bá ti rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́ bíi ọdún kan, àwọn ìlà wẹ́rẹ́ ojú ẹ̀ á máa pa rẹ́, ẹ tètè wá èyí tó ṣì tuntun.

Nígbà tó padà dé, eré báàlù ló fi ń jẹun, ó ń dojú ẹ̀ dé, ó ń yí i po lókè, èrò ń pariwo nísàlẹ̀. Owó tó ń pa, ilé ẹ̀kọ́ báàlù ló fẹ́ fi dá sílẹ̀ fáwọn èèyàn ẹ̀. Ní 1923 ẹ́ńjìnnì kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lókè ní California, ẹsẹ̀ kán, egungun ìhà kán, báàlù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà run. Wọ́n pè é sí fíìmù, ó dé ibẹ̀, wọ́n ní kó wọ àkísà jáde, ó kẹ́rù ẹ̀ ó lọ. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti Waxahachie, ìlú tó ti ṣa òwú: ó fẹ́ ṣeré níbẹ̀, wọ́n ní géètì méjì ni, funfun ọ̀tọ̀ dúdú ọ̀tọ̀, ó ní òun ò fò tí kì í bá ṣe géètì kan. Wọ́n gbà. Tí wọ́n bá wọlé tán wọ́n ṣì máa jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sha, ìyẹn ò yí padà.

April 30, 1926, ní Jacksonville, William Wills tó ń bá a ṣe ẹ́ńjìnnì ló ń wa báàlù náà, Bessie jókòó sẹ́yìn, kò de bẹ́líìtì torí ó fẹ́ máa yọjú wo ilẹ̀ tó máa fi páráṣúùtù bọ́ sí lọ́jọ́ kejì. Báàlù doríkodò, ó ju Bessie síta, Wills náà ò yè é. Sípánà kan ló há sáàárín àwọn nǹkan ìdarí. Sípánà! Ọmọ ọdún 34 ni.

Mo fẹ́ràn kọ́ìnì yẹn débi tí mo fi lọ ra èyí tí wọ́n kùn ní kọ́lọ̀ ońláìn, dọ́là 14, ẹni tó tà á ní sílífà ni. Ẹ gbà mí. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ ṣùgbọ́n kọ́tà lásán ni, kọ́pà ló wà nínú, níkẹ́ẹ̀lì tí wọ́n pò mọ́ kọ́pà ló wà lára, wọ́n wá fi ọ̀dà kùn ún, ọ̀dà ojú Bessie pupa bí ẹni tó ń bóra, mo fi èékánná kàn án báyìí ó ṣí. Wọ́n rọ ti sílífà gidi lóòótọ́ ní San Francisco fáwọn tó ń kó kọ́ìnì jọ, lẹ́tà S ló wà lára ẹ̀, àmọ́ S wà lára àwọn kan tí kì í ṣe sílífà náà, ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹni tí ò bá nídìí sílífà, kó wọ bánkì kó gba róòlù, ṣẹ́ńtì 25 náà ni.

Mo fún èyí tí bánkì fún mi ní ìràwọ̀ 4 nínú 5, èyí tí wọ́n kùn, òfo.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún ń ka kọ́tà nísàlẹ̀, ta ni mo rí? Ida B. Wells, akọ̀ròyìn dúdú tó jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, ti 2025. Ìyá yìí náà ló ṣáájú ètò ìsìnkú Bessie ní Chicago níbí, èrò bí omi. Mo fi í sápò kan náà pẹ̀lú Bessie. Kọ́tà wá dín nídìí máṣíìnì tó ń gbẹ aṣọ, kò sẹ́ni tó ní ṣéńjì, mo gbé jíìnsì tútù gun àtẹ̀gùn lọ sókè, mo sá a sórí àga.