Orí Kíláǹpù Tó Ń Yí: Kí Tọ́nà Gẹ́ Ẹ Ni, Àbí Kóró Bíárìnnì?

Àwọn káfíńtà tó ń ṣe kíláǹpù, irin tí a fi ń fún pákó pọ̀, fúnra wọn n'Íbàdàn máa ń bi mí: ibi tí àwo tó ń tẹ pákó ti ń yí, ṣé kí tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gẹ́ irin, gẹ́ orí bóòtù di bọ́ọ̀lù ni, àbí ká fi kóró bíárìnnì, bọ́ọ̀lù irin kékeré inú bíárìnnì, sí i?

Owó kóró kéré. Ẹ ra bíárìnnì àlòkù ní ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ Gate, ẹ fọ́ ọ, kí ẹ yọ kóró rẹ̀. Ti tọ́nà, ẹ ó san owó iṣẹ́, ẹ ó sì dúró dè é.

Kóró le ju bóòtù lọ, kì í tètè jẹ. Líle yẹn náà ló ń fa wàhálà: dírìlì lásán kì í wọ̀ ọ́, bí wẹ́dà bá sì jó o mọ́ bóòtù, ojú ibẹ̀ lè sán, kó já nígbà tí ẹ bá fún un. Mi ò fara mọ́ jíjó o rárá. Ẹ lu kòtò kékeré sórí bóòtù àti sáàárín àwo, kí kóró jókòó sáàárín méjèèjì. Bí ẹ bá tú kíláǹpù, àwo lè já bọ́, àfi kí ẹ fi wáyà dì í mú.

Ti tọ́nà jẹ́ ara bóòtù, kò sí ojú jíjó. Àmọ́ ọrùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ tín-ín-rín jù, kó má baà kán, irin rẹ̀ tó rọ̀ sì ń fẹ́ gíríìsì déédéé.

Fún lílẹ pákó Bódìjà pọ̀ lórí tábìlì, kóró tó. Fún iṣẹ́ wẹ́dà, tàbí kíláǹpù tí ẹ ń dorí rẹ̀ kodò lójoojúmọ́, ẹ lọ bá tọ́nà.