Copart àbí eBay Motors: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Tòkunbọ̀ ní Gbàǹjo

Gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọjà wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Copart, tó bẹ̀rẹ̀ ní California lọ́dún 1982, ń bá àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ta ọkọ̀ tó ní jàǹbá, èyí tí omi wọ̀, àti èyí tí olè jí tí wọ́n wá rí lẹ́yìn tí wọ́n ti sanwó fún ẹni tó ni ín. Lórí eBay Motors, díílà tàbí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ló ń tà á fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Corolla ọdún kan náà fi máa ń wọ́n lórí eBay ju Copart lọ. Àmọ́ kí ẹ má tíì yọ̀.

Owó tí kò hàn

Ní Copart, iye tí ẹ fi borí àwọn yòókù kọ́ ni iye tí ẹ máa san. Owó olùrà wà, ó sì ń ga bí iye ọkọ̀ ṣe ń ga. Owó géètì wà. Owó pé ẹ ra ọjà látorí íntánẹ́ẹ̀tì náà wà. Lórí ọkọ̀ $1,000, àpapọ̀ wọn lè ju $300 lọ. Láwọn ìpínlẹ̀ kan, ẹni tó ní láísẹ́ǹsì òwò ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń tà á fún, torí náà ẹ máa nílò alágbàtà, owó tirẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Bí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó sanwó, ìtanràn ni. Bí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó gbé e kúrò ní yáàdì, owó ilẹ̀ á máa gorí ara wọn lójoojúmọ́. Ọkọ̀ tó jọ pọ́ọ́kú jù lọ làwọn owó wọ̀nyí máa ń jẹ jù.

eBay ní tirẹ̀ kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ra ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà. Díílà nìkan ló lè fi owó ìwé kún un. Ẹ béèrè kí ẹ tó dá iye.

Bí wọ́n ṣe ń dá iye

Lórí eBay, aago ló ń parí ọjà. Ẹ ó kọ iye tó ga jù tí ẹ lè san, eBay á sì máa fi díẹ̀díẹ̀ gbé e fún yín. Bí tiyín bá jẹ́ $4,630, tí ẹni tó tẹ̀lé yín kọ $4,200, $4,250 ni yóò hàn, torí pé $50 $50 ni owó ń gùn láàárín $2,500 sí $4,999. Ẹni tó bá fi owó rẹ̀ hàn láti ọjọ́ kìíní ń bá àwọn yòókù gbé ọjà gòkè ni. Ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn ni kí ẹ dá iye yín. Bí ẹ bá rí “Reserve not met”, owó náà kò tíì tó èyí tí olùtà fi sọ́kàn.

Ọgbọ́n yẹn kò ṣiṣẹ́ ní Copart, torí ìgbàkígbà tí ẹnì kan bá fowó kún un ni aago ń bẹ̀rẹ̀ padà. Kódà lẹ́yìn tí ẹ bá borí, “On Approval” lè wà lórí ọkọ̀ náà, ìyẹn ni pé olùtà ṣì lè ní owó yín kò tó. Ìdíje yẹn máa ń mú ara èèyàn gbóná. Ẹ ṣírò láti ẹ̀yìn wá: ẹ béèrè iye tí irú ọkọ̀ náà ń lọ ní Èkó, ẹ yọ owó àtúnṣe, owó kọ́sítọ́ọ̀mù, owó ọkọ̀ ojú omi, owó gbígbé e dé èbúté, àti gbogbo owó Copart. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni òpin. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbàǹjo tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ sára ọkọ̀

“Run and Drive” ní Copart kò ju pé lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dé yáàdì, ó tan, jíà wọlé, ó sì rìn. Kò sọ nǹkan kan nípa bíréèkì tàbí jíà tó ń yọ̀.

“Water/Flood” ni kí ẹ sá fún jù lọ. Omi òkun, irú èyí tí ìjì Ian gbé wá lọ́dún 2022, máa ń jẹ wáyà àti kọ̀ǹpútà ọkọ̀ láti inú. Ọkọ̀ á tan lónìí. Tó bá ṣe díẹ̀, iná ABS àti ti airbag á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, rẹ́wáyà á sì di àlejò yín. Nínú fọ́tò, ẹ wá ìlà ẹrẹ̀ lára ilẹ̀kùn àti ìpata lára irin ìdí àga. Lójú tiwa, ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ wó sàn ju èyí tí iwájú rẹ̀ wó: ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀ kì í sábà sí lẹ́yìn. Bí airbag bá ti bẹ́, kì í ṣe òun nìkan lẹ máa pààrọ̀. Bẹ́líìtì àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè bá a lọ.

Ẹ tún wo irú ìwé tó ní. “Salvage”, ìyẹn ọkọ̀ tí adójútòfò ti kà sí èyí tó bàjẹ́, ṣeé tún ṣe. “Certificate of Destruction” jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ tú u tà. Àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ rí ìwé ọkọ̀ ó kéré tán wákàtí 72 kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, nítorí náà ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ kò pé lè há sí èbúté.

Ewu ti eBay yàtọ̀: ọkọ̀ á mọ́, fọ́tò á dára, olùtà á sì dákẹ́ nípa jàǹbá àná. Ẹ gba VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, ẹyọ 17 ni, kí ẹ fi wò ó lórí VINCheck ti NICB, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì adójútòfò ní Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni, láti mọ̀ bóyá wọ́n jí i tàbí ó ti di salvage rí. Carfax àti AutoCheck ń gba owó, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ púpọ̀ sí i.

Bí nǹkan bá yíwọ́

Copart kò mọ̀ nípa dídá ọjà padà. Bí ẹ ṣe bá a lẹ ṣe rà á. eBay ní ààbò tó lè tó $100,000 fún irú jìbìtì kan lórí ọkọ̀ tó bá yẹ, bíi kí ọkọ̀ tí ẹ sanwó rẹ̀ má dé. Bí olùtà bá ní kí ẹ jáde kúrò lórí eBay wá sanwó fún òun tààrà, ààbò yẹn ti lọ nìyẹn.

Ẹni tó ní páńẹ́lì bítà tó ṣe é fọkàn tán, tó sì lè dúró, Copart ni tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wa ọkọ̀ lọ́jọ́ tó bá jáde ní wáfù, kó lọ sí eBay. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ wo ibi tí ọkọ̀ wà: èyí tó wà ní Houston tàbí nítòsí Baltimore sún mọ́ èbúté, ti Idaho lè fi owó gbígbé nìkan jẹ èrè yín. Ọkọ̀ tí kò tan máa ń mú kí owó Roro, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń wa mọ́tò wọ̀, gòkè. Kí ẹ má ra èyí tó ti ju ọdún 12 lọ, kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kò gbà á wọlé. Copart tún wà ní Britain, àmọ́ apá ọ̀tún ni sítíárìn àwọn ọkọ̀ ibẹ̀ wà.