Kíìtì tí wọ́n fi ń hu hóró ọ́kíìdì: ìyẹ̀fun inú ẹ̀ dáa, ìyókù ẹ̀ ńkọ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fọwọ́ ara yín gbé pólẹ̀nì (ohun tó ń mú kí òdòdó so èso) fún òdòdó ọ́kíìdì (orchid), tí ìdí òdòdó ti wú di èso, tẹ́ ẹ wá ń wá nǹkan tẹ́ ẹ máa fi hu hóró inú ẹ̀, ẹ gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó náwó. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ṣe kíìtì yìí. Ohun tó wà nínú páálí ẹ̀ ni ìyẹ̀fun oúnjẹ tí wọ́n ti po ágà (ohun tó ń mú kí omi dì bíi jẹ́lì) àti ṣúgà mọ́, ìgò mélòó kan tí asẹ́ wà lára ìdérí wọn, bébà tí wọ́n fi ń wọn pH (bí oúnjẹ náà ṣe kan tó), ẹ̀mú gígùn, ìwé ìlànà, àti búrọ́ọ̀ṣì.

Búrọ́ọ̀ṣì kẹ̀! Pólẹ̀nì ọ́kíìdì kì í ṣe ìyẹ̀fun téèyàn ń gbọ̀n, ó dì ní kóró kóró ni, abẹ́ fìlà kékeré kan tó wà ní ṣóńṣó àárín òdòdó ló wà. Igi ìtayín lẹ máa fi ṣí fìlà yẹn, kóró pólẹ̀nì á lẹ̀ mọ́ ọn fúnra ẹ̀, ẹ wá tì í sínú kòtò tó ń lẹ̀ pẹ̀kìpẹ̀kì lábẹ́ ibẹ̀, ó parí. Ẹni tó fi búrọ́ọ̀ṣì síbẹ̀ ò jọ ẹni tó ti ṣe é rí.

Àmọ́ ìyẹ̀fun yẹn tó owó ẹ̀ jàre. Hóró ọ́kíìdì ò gbé oúnjẹ dání bíi ti àgbàdo, ó kéré débi pé bẹ́ ẹ bá mí sí i ó ti fò lọ, nínú igbó fọ́ńgọ́ọ̀sì ló ń bọ́ ọ kó tó lè hù, àfìgbà tí Lewis Knudson ní Amẹ́ríkà fi hàn ní 1922 pé béèyàn bá fún un ní ṣúgà àti àwọn èròjà tó yẹ lórí ágà, á hù láìsí fọ́ńgọ́ọ̀sì kankan, iṣẹ́ yẹn làwọn tó ń ta kíìtì ń jẹ títí dòní. Tèmi dì dáadáa. Hóró Phalaenopsis (irú ọ́kíìdì kan) tí mo dà sí i kọ́kọ́ wú, ó di róboróbo aláwọ̀ ewé, irun funfun yọ lábẹ́ ẹ̀, kí ewé tó yọ lórí.

Ìwé ìlànà ló bí mi nínú jù. Wọ́n ní kéèyàn kàn fi máíkírówéfù gbóná oúnjẹ náà, irọ́ ni o, omi tó ń hó lásán ò pa gbogbo kòkòrò, ìkòkò prẹ́ṣọ̀ ló lè dé 121°C, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ìgò á bu. Wọn ò sì ya èso tútù sọ́tọ̀ sí èyí tó ti là. Èso tí kò tíì là, inú ẹ̀ mọ́, ara ẹ̀ nìkan lẹ máa fi blíìṣì fọ̀ kẹ́ ẹ tó gé e, ṣùgbọ́n tó bá ti là, hóró gan-an lẹ máa fọ̀, blíìṣì tó bá sì le jù á pa á. Bébà pH náà, 5 àti 6 nìkan ló mọ̀, bẹ́ẹ̀ àárín méjèèjì gan-an lèèyàn ń wá.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún, ìyẹ̀fun ló ni gbogbo ẹ̀. Wọ́n ń tà á lọ́tọ̀, òun ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ wá ìgò tó fẹ̀ jù tiwọn lọ, torí àwọn ọmọ ọ́kíìdì yẹn lè lò tó ọdún kan nínú ẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é kó jáde.