Sípíkà àárín ni mo pààrọ̀, orin àpàlà bàbá mi ló fà á

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé sípíkà àárín ò wúlò fún orin, pé ti fíìmù nìkan ni, mo ti wà lára yín rí o, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gbọ́ orin pẹ̀lú ọ̀tún àti òsì nìkan. Àwọn méjèèjì yẹn, KEF Q150 ni, àbúrò mi ló gbé wọn wá láti London, mi ò rí nǹkan sọ sí wọn. Èyí tó wà láàárín ni àjèjì: ọ̀kan kékeré tó bá hóòmù tíátà inú páálí wá, kóònù (ojú sípíkà tó ń mì) ínǹṣì mẹ́ta méjì, tweeter, ìyẹn sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn òkè, láàárín wọn, gbogbo ara ẹ̀ fúyẹ́ bíi páálí bisikíìtì.

Ìjókòó ló dá wàhálà sílẹ̀. Àárín gan-an lèmi máa ń jókòó sí, torí náà olórin máa ń dúró síbi tó yẹ kó dúró, bẹ́ẹ̀ kò sí sípíkà kankan níbẹ̀, etí ló ń pa ọ̀tún àti òsì pọ̀. Ìyàwó mi ńkọ́? Àga ẹ̀gbẹ́ wíńdò ni tiẹ̀, torí atẹ́gùn, ojoojúmọ́ ló máa ń sọ pé "Daddy Tọ́pẹ́, inú sípíkà wíńdò yìí lọkùnrin yìí ti ń kọrin o." Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àfi ọjọ́ tí mo lọ jókòó síbẹ̀. Òótọ́ ni! Sípíkà tó sún mọ́ ẹ ni ohùn ẹ̀ máa kọ́kọ́ dé etí ẹ, gbogbo ohun tó yẹ kó wà láàárín á wá wọ́ lọ bá a.

Ni mo bá tan Dolby Pro Logic II Music lórí rìsífà mi, ẹ̀rọ tó ń pín ohùn fún àwọn sípíkà, Denon tòkunbọ̀ ni. Ohun tó máa ń ṣe ni pé, ohunkóhun tó bá rí bákan náà lọ́tùn-ún àti lósì, á kó o lọ sáàárín. Ó dáa fún orin tuntun. Ṣùgbọ́n àwọn àwo bàbá mi tí mo ti kó sínú fláàṣì, àpàlà àti sákárà ayé ìgbà yẹn, mono ni wọ́n, ọ̀tún ò yàtọ̀ sí òsì rárá, torí náà gbogbo ẹ̀ pátá lẹ̀rọ ń kó lọ sáàárín. Ẹ wá wò ó, agídìgbò, àkúbà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, gángan, olórin, elégbè, gbogbo wọn ń fún ara wọn gba inú kóònù ínǹṣì mẹ́ta kọjá. Ṣe ló dà bíi pé wọ́n ń kọrin sí mi lórí fóònù láti Ìsẹ́yìn.

Mo bá gba Alaba lọ. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo rí ńlá kan, kóònù ńláńlá méjì, tweeter láàárín, wọ́n kọ 1000W sẹ́yìn ẹ̀, ọkùnrin tó ń tà á ní "ọ̀gá mi, èyí á mi ilé tìtì." ₦85,000 ni mo san. Ilé mì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí n bá ti sún díẹ̀ sí wíńdò, ohùn olórin á sá, á dà bíi pé ó fọwọ́ bo ẹnu. Ìgbà tó yá ni mo tó lóye ẹ̀: kóònù méjì tó wà ní ìbú tí wọ́n ń sọ ohùn kan náà, tó o bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan sún mọ́ ẹ ju ìkejì lọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pa ohùn ara wọn. Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn gan-an ni mo sì tìtorí ẹ̀ rà á! Mo gbé e padà, ọkùnrin náà kàn fi ìka tọ́ka sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì: ọjà tá a bá ti tà, a kì í gbà á padà.

Àbúrò mi ló wá bá mi rí KEF Q250c, ẹni tó ti lò ó ló tà á fún un ní £180, ó fi aṣọ dì í sínú báàgì ẹ̀ nígbà tó ń bọ̀ fún Kérésì. Ọmọ ìyá kan náà ni pẹ̀lú Q150 mi, kóònù ínǹṣì márùn-ún àti díẹ̀, tweeter sì wà ní àárín kóònù gan-an, Uni-Q ni wọ́n ń pè é, láti 1988 ni wọ́n ti ń ṣe é. Torí pé ojú kan náà ni ohùn òkè àti ti àárín ti ń jáde, bóo jókòó sápá ọ̀tún bóo jókòó sápá òsì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà. Kóònù mẹ́ta lẹ máa rí níwájú ẹ̀ o, ṣùgbọ́n ọ̀kan ò ní wáyà, atẹ́gùn inú àpótí ló ń tì í. Ẹ má jẹ́ kí ẹlẹ́kítíríkì kankan sọ fún yín pé ó ti jóná, tèmi ti fẹ́ tú u.

Títò ẹ̀ gba ọjọ́ méjì. Mo fà á wá sí etí ṣẹ́ẹ̀fù kí ohùn má lọ máa gbá pákó, mo gé sílípáàsì balùwẹ̀ tó ti já, mo fi kì í sábẹ́ iwájú ẹ̀ kó lè gbójú sókè wo etí wa. Audyssey, ètò inú rìsífà tó ń fi máìkì wọn bí ohùn ṣe ń dún nínú yàrá, ló wá fẹ́ yọ mí lẹ́mìí. Ilé gbọ́dọ̀ dákẹ́ kó tó lè wọn nǹkan, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì ń dún, ó ń kọ ọ́ síwájú mi pé ariwo ti pọ̀ jù. Aago méjì òru ni mo tó rí i ṣe, mo gbé máìkì dé orí àga wíńdò náà. Tó bá parí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, tèmi pe sípíkà àárín ní Large, bíi pé ó lè dá gbogbo ohùn ìsàlẹ̀ gbé, mo yí i sí Small, 80Hz, kí súbúfà, sípíkà ohùn ìsàlẹ̀, gbé ohun tó bá wà lábẹ́ ìyẹn.

Center Width, nọ́ńbà kan nínú Pro Logic II Music yẹn, lẹ ò gbọdọ̀ fojú fò. Láti 0 dé 7 ni, 3 ló máa ń wà tẹ́lẹ̀. Ní 0, àárín ló ń dá gbogbo ẹrù àárín gbé, ní 7 ó ti pín gbogbo ẹ̀ fún ọ̀tún àti òsì. Àpàlà àtijọ́, 0. Jùjú tí gìtá pọ̀ nínú ẹ̀, 4, kí wọ́n rí àyè na ẹsẹ̀. Àwọn rìsífà tuntun tó ń lo Dolby Surround dípò Pro Logic II ò ní nọ́ńbà yìí, Center Spread ni kẹ́ ẹ wá.

Gángan ni mo fi dán an wò. Pẹ̀lú kékeré yẹn, tí onílù bá ti tú ọ̀sán sílẹ̀ tí ìró lọ sísàlẹ̀, á pòórá, bíi pé ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ jáde. Ní báyìí, kọ̀ǹgọ́ á ba awọ, o máa gbọ́ bó ṣe ń fún ọ̀sán pọ̀ tí ìró ń gòkè, tó sì ń rọra sọ̀ kalẹ̀ láì pàwọ̀ dà. Ibì kan wà nínú àwo kan tí ẹnì kan húkọ́ lẹ́yìn olórin, mi ò mọ̀ rí láyé mi.

Ọ̀rẹ́ mi kan ṣì ń jiyàn pé ọ̀tún àti òsì ni Ọlọ́run dá orin mọ́. Mo ní Bell Labs, ilé ìwádìí ẹ̀rọ tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà, ti fi òsì, àárín àti ọ̀tún gbé orin láti Philadelphia lọ sí Washington ní 1933, ó ní ìyẹn ò kan òun. Kò burú. Tó bá jẹ́ ìwọ nìkan lò ń gbọ́ orin, tóo sì ń jókòó sáàárín, kò ṣe é bá jà, fi owó ẹ pamọ́. Tó bá sì jẹ́ Stereo tàbí Direct lo yàn lórí rìsífà, tó jẹ́ ọ̀tún àti òsì nìkan ló ń lò, sípíkà àárín ò ní mí, iyekíye tó o bá rà á.

Ìyàwó mi ò tíì sọ̀rọ̀ wíńdò mọ́ láti oṣù kẹta. Kékeré yẹn ti wà ní kíṣìnì, ìròyìn la fi ń gbọ́. Ti Alaba ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹni tó bá fẹ́ kí ilé ẹ̀ mì, ₦50,000 ni n óò gbà, ṣùgbọ́n àárín gan-an ni kẹ́ ẹ jókòó sí o.