EliteBook 840 G4 àti G5: Èwo Ni Kí Ẹ Rà Lẹ́yìn Tí Windows 10 Kásẹ̀ Nílẹ̀?

Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní Ìlọrin, láti Challenge títí dé Tanke, láptọ́ọ̀pù HP méjì yìí, EliteBook 840 G4 àti G5, ni wọ́n sábà máa ń gbé síwájú òbí tó ń wá kọ̀ǹpútà fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Yunifásítì tàbí Pólì Ọ̀fà. Owó G5 ló máa ń ga jù. Iṣẹ́ tí ọmọ fẹ́ fi ṣe ló máa sọ bóyá ó yẹ kí ẹ san án.

Ọdún 2017 ni Intel gbé i5-7300U jáde, pírósẹ́sọ̀ (ẹ̀rọ tó ń ṣe ìṣirò inú kọ̀ǹpútà) tó wọ́pọ̀ nínú G4. Ọdún yẹn náà ni i5-8350U inú G5 dé. Ọpọlọ (core) méjì ló wà nínú ti àkọ́kọ́, mẹ́rin nínú ìkejì, nítorí náà G5 yá jù bí iṣẹ́ bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Méjèèjì ló lè gba RAM (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́) tó tó 32GB, méjèèjì ló ń lo SSD (ibi ìpamọ́ fáìlì tó yá). G4 ní ojú VGA fún projẹ́tọ̀ àtijọ́. HDMI, ojú ti tẹlifíṣọ̀n òde òní, ni ti G5.

Windows gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Ní 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò lè rí àtúnṣe náà gbà di oṣù kẹwàá 2026. Ó wá ku Windows 11, pírósẹ́sọ̀ ìran kẹjọ Intel sókè ni wọ́n sì fọwọ́ sí fún un: ìran kẹjọ ni i5-8350U, ìran keje ni i5-7300U. G5 wọlé, G4 wà níta.

Inú mi ò dùn sí i rárá. G4 ní TPM 2.0, ẹ̀rọ ààbò tí Windows 11 ń béèrè. Microsoft fúnra wọn gba i7-7820HQ ti ìran keje wọlé, òun ló sì wà nínú kọ̀ǹpútà Surface Studio 2 tí àwọn fúnra wọn ṣe. Core 2 Duo, pírósẹ́sọ̀ Intel àtijọ́, ni mi ò lè bá wọn jà lé lórí: láti ẹ̀dà 24H2, Windows 11 ń lo àṣẹ kan, POPCNT, tí kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí kò lágbára láti ru ẹrù yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n kọ̀ láti gbé e rù. Lọ́dọ̀ Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, pírósẹ́sọ̀ 386 tí Intel gbé jáde lọ́dún 1985, ó di 2012 kí wọ́n tó pinnu láti yọ ọ́ kúrò.

Bí ọmọ bá máa lo AutoCAD tí wọ́n fi ń ya àwòrán ilé àti ẹ̀rọ, tàbí tí olùkọ́ rẹ̀ ò gbà ju Microsoft Office lọ, ẹ ra G5. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ títẹ̀, PDF, íntánẹ́ẹ̀tì àti Zoom ni, G4 pẹ̀lú Linux Mint tó o. LibreOffice inú rẹ̀ ń ṣí fáìlì Word, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtò ojú ewé lè yí díẹ̀.

Àwọn òǹtajà kan máa ń fi ọgbọ́n gbé Windows 11 sórí G4, wọ́n á ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Àlàájà, ó ń ṣiṣẹ́." Lóòótọ́ ló ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Microsoft ti sọ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ sí àtúnṣe, ẹ̀dà tuntun ọdọọdún kì í sì í wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ má sì tìtorí pé G5 ni wọ́n kọ sí i lára kówó sílẹ̀: HP ta àwọn G5 kan pẹ̀lú i5-7300U. Ẹ ní kí wọ́n tan án, kí ẹ wo About nínú Settings. 8 ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé i5- níbẹ̀. Bí òǹtajà bá kọ̀, ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù kejì.