Ẹ ṣọ́ra fún láptọ́ọ̀pù kékeré tí wọ́n bá ní "Windows 11 ti wà lórí ẹ̀": ojú mi rí màbo

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń kọ ìkìlọ̀ yìí tí mo sì ń pa á rẹ́, torí ojú ń tì mí. Èmi tí gbogbo ilé ń pè bí fóònù bá dákú, èmi tí mo máa ń sọ fáwọn èèyàn pé "ẹ má tíì rà á, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá yín wò ó", èmi náà ni wọ́n fi láptọ́ọ̀pù kékeré kan lù ní jìbìtì lọ́sàn-án gangan, tojú tìyẹ́ mi. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò burú, ẹ fi mí ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ kà á tán ná.

Àbúrò mi obìnrin ló nílò ẹ̀rọ tí yóò fi máa kẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò bèèrè ohun ńlá. Èyí tó fúyẹ́, tó ṣeé tì bọ àpò, tí bátìrì ẹ̀ á pẹ́ díẹ̀. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n polówó, àlòkù, ojú ẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 11.6, ara ẹ̀ ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n tú u nínú páálí. Ohun tí ẹni tó ń tà á kọ sábẹ́ àwòrán rèé, mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀: "Windows 11 Pro, ó mọ́, ó yá, kò ní àléébù kankan." Kò ní àléébù kankan! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn.

Mo pè é. Ohùn ẹ̀ tutù bí omi àmù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀, èmi fúnra mi ni mo tún un ṣe, Windows tuntun ni mo fi sí i." Mo lọ bá a. Ó ti tan ẹ̀rọ náà sílẹ̀ kí n tó dé. Ibẹ̀ yẹn ló yẹ kí ara ti fu mí, torí ẹni tó tan ẹ̀rọ sílẹ̀ dè ẹ́ kò fẹ́ kó o mọ bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó tan. Ìsinsìnyí ni mo ń rò ó o. Lọ́jọ́ náà, mo rò pé ọmọlúàbí tó mọyì àkókò oníbàárà ni.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọgbọ́n mi ti pa mí. Mo ti kà á níbì kan pé Windows 11 kì í gba ẹ̀rọ tí kò bá ní TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà kékeré inú ẹ̀rọ tó ń tọ́jú àwọn kọ́kọ́rọ́ àṣírí. Ni mo bá ṣe bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo di bọ́tìnì Windows mú, mo tẹ R, mo kọ tpm.msc. Àpótí yọ, mo wo ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún: 2.0. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo tiẹ̀ yí ojú ẹ̀rọ sọ́dọ̀ ẹ̀ kí òun náà lè mọ̀ pé kì í ṣe òpè lòun ń bá nájà. Ó mi orí, ó ní, "Há, ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ ọ́n o!" Orí mi wú. Bí orí mi ṣe ń wú, bẹ́ẹ̀ lowó ń jáde lápò mi. Mi ò wo processor, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ. Mi ò wo ibi ìpamọ́ rẹ̀. Mi ò gbọ́ bó ṣe ń dún. Ẹ̀tẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ tí mò ń pa làpálàpá.

Nígbà tó fi máa pé ọjọ́ mẹ́rin, ẹ̀rọ ti ń wọ́ bí ìgbín. Kó o ṣí ojú ewé méjì pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó dákú. Àbúrò mi bi mí pé, "Bùọ̀dá mi, ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Windows tuntun ni, ó ṣì ń to ẹrù ẹ̀. Irọ́ gbuu! Mi ò mọ ohun tí mò ń sọ, mi ò kàn fẹ́ kó di pé wọ́n ní mo rà á tì ni.

Alẹ́ ọjọ́ tó fẹ́ fi iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀ ránṣẹ́ ni àṣírí tú. Ẹ̀rọ náà ní òun fẹ́ ṣe update, ó pa ara ẹ̀, ó tan padà. Àwọn àmì róbótó kéékèèké yẹn ń yí lójú ẹ̀, wọ́n ń yí, ó dé ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, ó dúró. Mo ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó tún pa, ó tún tan, ó wá kọ ọ́ sójú pé "Undoing changes made to your computer". Ìyẹn ni pé gbogbo ohun tó ti ń ṣe láti wákàtí kan, ó ti ń tú u palẹ̀. Ó tú u tán, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Aago méjì ààbọ̀ òru ti lù, mo ṣì dúró tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Lórí fóònù ni àbúrò mi ti parí iṣẹ́ náà, àtàǹpàkò méjèèjì ló fi tẹ ojú ìwé tó kù. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Ẹ má dá ara yín lóró, Bùọ̀dá mi, ẹ lọ sùn." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ilẹ̀ mọ́, mo gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìfun ẹ̀ wò. Ibi ìpamọ́ ẹ̀: 28.9GB ló hàn, ohun tó ṣẹ́ kù kò tó 1GB. 32GB ni wọ́n ṣe mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ 64GB ni Microsoft ní ó kéré jù fún Windows 11. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé eMMC ni, wọ́n jó o mọ́ pátákó inú ẹ̀rọ ni, kò ṣeé yọ kéèyàn fi ńlá rọ́pò ẹ̀. Níbo ni update fẹ́ jókòó sí? RAM ẹ̀, ìyẹn àyè tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, jẹ́ 4GB, èyí tó kéré jù tí wọ́n fi lélẹ̀ gan-an nìyẹn, kò lé ẹyọ kan.

Mo wá dé ọ̀dọ̀ processor. Celeron N3350, èyí tó jáde lọ́dún 2016. Bẹ́ ẹ bá ka òfin lórí, ẹ ó ní ó yege: ó ní core méjì, ó kọjá 1GHz. Ṣùgbọ́n Microsoft ní orúkọ àwọn processor tó gbà, N3350 kò sí níbẹ̀. Celeron N4000, àbúrò ẹ̀, wà ńbẹ̀. TPM 2.0 tí mo torí ẹ̀ ń ṣe fáàrí sì wà nínú ẹ̀rọ yìí lóòótọ́, kò kàn wúlò fún nǹkan kan ni.

Mo kọ winver, àṣẹ tó ń fi ẹ̀yà Windows hàn, ó ní 22H2. Ẹ gbọ́ o: láti ọjọ́ 8 oṣù October 2024 ni Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú 22H2 dúró fún Home àti Pro, irú Windows tí àwọn èèyàn sábà máa ń lò. Ẹ̀yà tó tẹ̀ lé e kì í sì í fúnra ẹ̀ wá bá ẹ̀rọ tí kò kún ojú òṣùwọ̀n. "Windows tuntun" tí ọkùnrin yẹn fi ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ó ti di ọmọ òrukàn kí n tó sanwó ẹ̀! Ìdìpọ̀ àtijọ́ ló fi sí i, ìdí nìyẹn tí àwọn update tó ti kó jọ fi ń ya bò ó lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò tán síbẹ̀. Mo kọ slmgr /xpr, àpótí kékeré kan yọ, ó ní activation ẹ̀, ìyẹn ìyọ̀ǹda láti máa lo Windows náà, máa parí lọ́jọ́ báyìí. Windows tí èèyàn rà fún ara ẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́ kì í dá ọjọ́ ikú fún onílé. Tí kì í bá ṣe ti ilé iṣẹ́ ńlá, irú èyí tí wọ́n sábà ń fi ayédèrú ọ̀nà ṣí ni, 180 ọjọ́ ló máa ń lò. Home ni irú ẹ̀rọ kékeré yìí sábà máa ń bá wá láti ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n "Pro" dùn lẹ́nu jù, àbí? Nígbà tí mo wá wọ Windows Security, mo bá fódà kan ní Exclusions, ibi tí wọ́n ń kọ ohun tí kò ní yẹ̀ wò sí. Ọkùnrin yẹn ti sọ fún ọdẹ tó ń ṣọ́lé pé yàrá kan wà tí kò gbọ́dọ̀ yọjú sí. Inú ẹ̀rọ tí àbúrò mi ti ń tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà ẹ̀ nìyẹn o. Ara mi gbọ̀n.

Kẹ́nikẹ́ni má wá sọ fún mi pé ó yẹ kí n ti mọ̀. Ṣé gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra bàtà ló gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń rán an ni? Ó dáa, ó yẹ kí n ti mọ̀. Èmi ni mo ń ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n òun ńkọ́? Òun tó mọ̀, tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ fo àyẹ̀wò tí Windows fẹ́ ṣe, tó wá kọ ọ́ pé kò ní àléébù kankan!

Mo pè é. Ẹ gbọ́ èsì: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Windows 11 kọ́ ló wà lórí ẹ̀ ni?" Mo ní òun ni. "Ṣé kò tan ni?" Mo ní ó ń tan. "Ẹ ò wá rí i pé mi ò purọ́ fún yín." Mi ò tíì rí irú gbájúẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, tó ń fi òótọ́ jalè. Mo fi àwòrán gbogbo ohun tí mo rí ránṣẹ́ sí i, ó kà á, kò fèsì. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, nọ́ńbà mi ò wọlé sí i mọ́.

Kó má di pé ẹ ṣì mí gbọ́: kéèyàn fi Windows 11 sórí ẹ̀rọ tí kò gbà á kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Irinṣẹ́ bíi Rufus máa ń bá èèyàn yọ àyẹ̀wò TPM, Secure Boot (ààbò ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń tan) àti RAM kúrò, àwọn tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sì ń lò ó sórí ẹ̀rọ ara wọn. Microsoft kàn ti kìlọ̀ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí update ni. Tó bá jẹ́ pé ó sọ fún mi ni, bóyá mo ṣì lè rà á ní ìdajì owó. Kò sọ. Ó fi pa mọ́. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó: ẹ ní kó pa ẹ̀rọ náà kó tún un tan lójú yín. Ẹ kọ msinfo32, ẹ da orúkọ processor kọ, ẹ wò ó nínú àwọn tí Microsoft gbà, tàbí kẹ́ ẹ fi PC Health Check yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wo iye àyè tó kù. Winver. Slmgr /xpr. Ẹ jẹ́ kó kọrin létí yín, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ohùn ẹ̀ ń jáde. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Èmi fi mẹ́wàá tèmi ṣe fáàrí.

Àwọn kan á ní kí n fi Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, sí i. Mo ti ṣe é, mo nu gbogbo ẹ̀ dànù, mo fi Linux Mint Xfce, ẹ̀yà kan tó fúyẹ́, sí i, ó sì ń sáré ju bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ètò tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò nílé ẹ̀kọ́ àbúrò mi, Windows nìkan ló ń gbà. Ẹ̀rọ mi ló wá ń lò báyìí, èmi sì ń fi fóònù kọ èyí tẹ́ ẹ̀ ń kà yìí.

Ní tèmi, gbogbo ẹni tó bá ń ta àlòkù, olè ni mo kọ́kọ́ ń pè é lọ́kàn mi báyìí. Mo mọ̀ pé kò dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn olóòótọ́ wà níbẹ̀, kí wọ́n má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dá wọn mọ̀ fún mi? Ẹ̀rín kan náà, "ẹ̀gbọ́n" kan náà.

Lánàá ni mo tún rí ìpolówó ẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré mìíràn, àwòrán tó dà bí ti tèmi, ọ̀rọ̀ kan náà, "kò ní àléébù kankan". Mo fi orúkọ mìíràn bi í nísàlẹ̀ pé processor wo ló wà nínú ẹ̀, àti pé mélòó ni ibi ìpamọ́ ẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi pa ìbéèrè náà rẹ́.